Oríkì Àkọ́sórí, Akin Tí Í Sá Lójú Ìbéèrè Kejì

Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú kí n tó lanu.
Mo júbà ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Komfo Anokye, ní Bantama,
Ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ àwòrò Aṣáǹtì tí wọ́n ní ó ri idà mọ́lẹ̀ síbẹ̀.
Mo júbà Asantehene tó ni Kùmásí.
Mo júbà àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá ṣòwò nílẹ̀ Gánà,
Àwọn tí àṣẹ ìjọba Busia fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, kí wọ́n kó ẹrù wọn.
Mo júbà irú-ọmọ wọn tó ṣì wà níbẹ̀ dòní, tí Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu, tí Yorùbá kò kúrò lẹ́nu.
Ìbà ṣẹ. Ẹ jẹ́ n kì ẹni tí mo fẹ́ kì.

Ẹni tí mo fẹ́ kì kò lẹ́ran lára, kò joyè nílé baba ẹnikẹ́ni,
Síbẹ̀ kò sí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Santasi, ní Kùmásí, tí kò tíì sùn mọ́jú.
Àkọ́sórí ni.
Àwọn ọmọ Gánà ń pè ọ́ ní chew and pour.
Àwọn ọmọ Ìbàdàn ń pè ọ́ ní kíráàmù.
Ibi gbogbo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́, ibi gbogbo lo ti já wọn kulẹ̀.

Àkọ́sórí, ọmọ Ìbẹ̀rù,
Ọmọ tí Àìsùn pọ̀n, tí Ìkánjú fún lọ́mú.
A-gbé-ìwé-mì-láìjẹ.
A-dé-lálẹ́-ìdánwò, a-lọ-kí-ọ̀sẹ̀-tó-yí-po.
Ọ̀rọ̀-pọ̀-lẹ́nu, ìdí-kò-sí-níkùn.
A-fini-lọ́kàn-balẹ̀-lóru, a-dójú-tini-lọ́sàn-án.
Oríkì tí mo ń kì yìí, n kò bù mọ́ ọn;
Ohun tí o ṣe ni mo ń kà lé ọ lórí.
Ìbéèrè kìíní ni tìrẹ;
Ìbéèrè kejì, a wá ọ tì.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀, ẹ jẹ́ n sọ irú ogun tí akin yìí ń lọ. Ní Gánà, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kì í fi ìwé nìkan gba àṣẹ iṣẹ́. Nursing and Midwifery Council, tí òfin 857 ti ọdún 2013 fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà, ń dán ọwọ́ wò pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró níwájú olùdánwò, á ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá yàn fún un bí wọ́n ti ń wò ó, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi ṣe é. Ó tún ní care study: aláìsàn kan ni yóò mú, yóò tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọ wọ́ọ̀dù títí yóò fi padà sílé, yóò bẹ̀ ẹ́ wò níbi tó ń gbé, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé lè gba Àkọ́sórí láyè. Olùdánwò tó jókòó níwájú ẹni, tó lè sọ pé "kí nìdí?", kì í gbà á.

Òru dé ní Santasi, dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ti paná.
Trotro, ọkọ̀ èrò, ti dákẹ́ ní róńdábáòtù,
Oníkẹnkẹ́ ti palẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ Opoku Ware ti sùn ní ilé ìwé wọn.
Ọmọbìnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ̀lì, iná fóònù ló fi ń kàwé.
Ìwọ lo jókòó tì í, Àkọ́sórí.
Ó fẹ́ béèrè pé kí ló ń fà á tí ẹsẹ̀ olóyún fi ń wú;
O ní ilẹ̀ ti ń mọ́, kó má wulẹ̀ béèrè.
O ní kó ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i,
Kó tún un kà, kó dijú kà á, kó fi àwọ̀ ofeefee fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.
Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rò pé òye rẹ̀ ti yé òun.
Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn, Àkọ́sórí:
O mú ojú tó mọ ojú ìwé, o pè é ní ọkàn tó mọ iṣẹ́.

Ilẹ̀ mọ́. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀,
Ó so aago mọ́ àyà, ó wọ trotro, mate tó ń gba owó ọkọ̀ ń ké "Kejetia! Kejetia!"
Ètè ọmọ yìí ń mì. Ìwọ ló ń kà lọ́nà.
Maame àgbàlagbà kan tó jókòó tì í kí i ní Twi,
Kò gbọ́.
Àkọ́sórí, a-dí-nọ́ọ̀sì-létí!
O kún inú orí rẹ̀ débi pé ohùn èèyàn kò rí àyè wọlé,
Bẹ́ẹ̀ etí ni ohun èlò kìíní tí nọ́ọ̀sì ní.

Ó dé iwájú olùdánwò. Ó kí i, wọ́n ní kó jókòó.
Màdáámù ní: "Olóyún kan dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, gìrì ti mú un. Oògùn wo?"
Àkọ́sórí fò jáde!
"Magnesium sulphate, Màdáámù!
Gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, gíráàmù 5 sí ìdí òsì!"
Ó tọ̀nà. Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ.
Màdáámù mi orí, ó tún ní:
"Kí o tó fún un ní ìwọ̀n tó kàn, o ní láti lu orúnkún rẹ̀ wò. Kí nìdí?"
Àkọ́sórí dà?
A wò ó lábẹ́ tábìlì, kò sí níbẹ̀.
A wò ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà rẹ̀ ti lọ.
Ọmọ tí o bá sùn mọ́jú lo fi sílẹ̀, tí òógùn ń bò.
Ìbéèrè kìíní ni tìrẹ;
Ìbéèrè kejì, a wá ọ tì.

Ìdí rẹ̀ rèé, kò sì ṣòro. Oògùn yìí ń dènà gìrì, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí iṣan ara rọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa: a ó lù ú, ẹsẹ̀ kò ní ta. Èémí ni yóò tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì ṣe ń ka èémí aláìsàn, tí kò gbọdọ̀ kéré sí 16 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà ló ṣe ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ kéré sí mìlílítà 30 ní wákàtí kan: kíndìnrín ló ń kó oògùn náà jáde, bí ìtọ̀ bá dín, oògùn á máa jọ sára. Nítorí èyí bákan náà ni calcium gluconate ṣe gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó, nítorí òun la fi ń ká àpọ̀jù rẹ̀ lọ́wọ́ kò. Àkọ́sórí kó òfin mẹ́rin fún ọmọ náà, ó tú wọn ká sí orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà. Ẹni tó mọ ìdí kò ní ohun mẹ́rin láti rántí. Ọ̀kan ló ní: oògùn yìí ń mú iṣan rọ̀, kíndìnrín ló sì ń kó o jáde. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tẹ̀ lé e jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ní 2002, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Magpie kéde àbájáde rẹ̀: obìnrin 10,141 ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà wà lára wọn. Àwọn tó gba oògùn náà bọ́ lọ́wọ́ gìrì ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ewu gìrì fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oògùn tó ń dá ìyá padà fún ọmọ ni. Ọwọ́ ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ tí kò mọ ìdí orúnkún ni ó ti lè di ohun tó ń gba ìyá náà lọ.

Wọ́n tún fún ọmọ náà ní ìbéèrè mìíràn, Àkọ́sórí sì yọjú padà,
Nítorí kò lójútì.
"Ọkùnrin kan ti yàrá iṣẹ́ abẹ dé. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 112 lórí 74.
Lílu ọkàn rẹ̀ jẹ́ 72 nígbà tó dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó di 84. Nísinsìnyí, ó di 96.
Ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò lè dúró sójú kan lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ló ń béèrè. Kí lo rí?"
Àkọ́sórí ní: "Kò séwu, Màdáámù! 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà. 96 wà nínú rẹ̀!"
A-ka-nọ́ńbà-má-ka-èèyàn!
O mọ odi méjèèjì, o kò mọ ibi tí ẹni tó wà láàárín wọn ń sáré lọ.
Ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn ọkùnrin yẹn.
Ara rẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi tutù;
Ọkàn rẹ̀ ń yára kí ìfúnpá má baà já.
Ọjọ́ tí ìfúnpá bá já, ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ ti pọ̀.
Nọ́ńbà mẹ́ta ni ara ọkùnrin náà fi ń ké,
Àkọ́sórí ní ó dára.
Ìbéèrè kìíní ni tìrẹ;
Ìbéèrè kejì, a wá ọ tì.

Ẹ má gbàgbé àbúrò rẹ̀.
Apor ni orúkọ rẹ̀ ní Gánà, ìbéèrè tí wọ́n jí tà kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.
Apor, ọmọ-ìyá Àkọ́sórí,
A-rìn-lórí-fóònù-lóru, a-gbowó-ọmọ-tálákà.
Ẹ̀gbọ́n ń sá lójú ìbéèrè kejì,
Àbúrò kò jẹ́ kí ìbéèrè kìíní pàápàá jẹ́ ìbéèrè.
Ìyá tó ń ta tòmátò ní ọjà Kejetia ló san owó ilé ìwé,
Owó yẹn náà lo gbà, Apor, o fún ọmọ rẹ̀ ní ìwé tí yóò fi pa ara ìlú.
Lójú mi, olè ni ọ́ lẹ́ẹ̀mejì:
O jí ìbéèrè lọ́dọ̀ olùdánwò, o jí nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ aláìsàn.

Mo bọ̀wọ̀ fún òtítọ́, nítorí náà n kò ní gba ẹ̀tọ́ Àkọ́sórí lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wà tí kò sí àyè ìrònú níbẹ̀. Bí ọkàn àgbàlagbà bá dúró, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìdí: a ó tẹ àyà ní ìgbà 30, a ó fún un ní èémí méjì, a ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n oògùn, orúkọ oògùn, ètò ọwọ́ fífọ̀: orí gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀nyí láìwòwé. Iyọ̀ ni Àkọ́sórí nínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ kò sì dùn láìsí i. Ẹni tó gbé abọ́ iyọ̀ nìkan síwájú àlejò kò tíì se oúnjẹ. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni pé ó kọjá àyè rẹ̀. Ó jókòó sórí àga Òye, ó sì ń dáhùn orúkọ Òye.

Àwọn tó mọ̀ ọ́ ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́.
Ní 1975, Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ní Scotland, gbé ìdánwò tuntun jáde:
Ibùdó lẹ́sẹẹsẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì,
Iṣẹ́ kan níbí, ìbéèrè kan lọ́hùn-ún, òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo èèyàn.
Wọ́n fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ lọ́wọ́ oríire aláìsàn tó bá ko àti ojúure olùdánwò tó bá bá pàdé.
Àwọn nọ́ọ̀sì gba ètò náà lọ́wọ́ dókítà, ó sì ti káàkiri ayé.
Àkọ́sórí, ibùdó kan kọ́ ni wọ́n fi ń dẹ ọ́ mọ́.

Ní 2006, Roediger àti Karpicke, ní yunifásítì Washington ní St. Louis,
Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà.
Àwọn kan kà á ní ìgbà mẹ́rin, wọn kò dán ara wọn wò.
Àwọn kan kà á nígbà kan, wọ́n pa á dé, wọ́n gbìyànjú láti sọ ọ́ láìwòwé nígbà mẹ́ta.
Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn akàwé-ṣáá rántí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí 71.
Àkọ́sórí, ijó ni o jó lọ́jọ́ náà!
Ọ̀sẹ̀ kan kọjá.
Àwọn tìrẹ bọ́ sí 40; àwọn kejì dúró ní 61.
A-jó-fún-ìṣẹ́jú-márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan ti tú ọ fó.
Ọ̀sẹ̀ tí o kò lè rìn já yẹn ni aláìsàn ń gbé:
Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kàwé tán.

Ọmọ mi tó wà ní Santasi, ìwọ ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Fi Àkọ́sórí sí ẹ̀gbẹ́ kan, jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń múra fún ìdánwò ẹnu.

Ẹnu ni wọn yóò dán wò, ẹnu ni kí o fi múra. Ìwé tí a kà sínú kì í jẹ́ ká gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti gé. Mú ọ̀rẹ́ kan, kí ó di ìwé mú, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn rẹ kọjá láìbi ọ́ pé "kí nìdí?" Bí o bá dáhùn, kí ó tún bi ọ́. Níbi tí o bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni ìwé rẹ ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ẹ pààrọ̀ ipò lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń béèrè pàápàá ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Fi Twi ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé ni Àkọ́sórí ń fara pamọ́ sí. Bí o bá lè sọ fún Maame kan ní wọ́ọ̀dù, láìsí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ìdí tí o fi fẹ́ lu orúnkún rẹ̀ àti ìdí tí o fi ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, tí ó sì mi orí pé ó yé òun, ọ̀rọ̀ náà ti di tìrẹ. Bí ìyá rẹ àgbà bá wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, lọ fi Yorùbá sọ ọ́ fún un. Ìyá àgbà kì í gbà á pé ohun kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Yóò béèrè ìbéèrè kejì láì jẹ́ kí o mí.

Jẹ́ kí ọwọ́ bá ẹnu lọ. Bí o ti ń wọn ìfúnpá ọ̀rẹ́ rẹ, máa sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe àti ìdí rẹ̀. Bí o ti ń fọwọ́, jẹ́ kó pé 40 sí 60 ìṣẹ́jú-àáyá, kí o máa sọ ibi tí ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí: àárín ìka, orí èékánná, àtàǹpàkò. Ọwọ́ tó ti mọ ìdí kì í fo ìgbésẹ̀ nígbà tí àyà bá ń já.

Rántí aláìsàn care study rẹ. Má kà á bí ìwé. Ìwọ lo tọ́jú rẹ̀. O mọ ilé rẹ̀, o mọ ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún un, o mọ ìdí tí kò fi lo oògùn ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Màdáámù bá béèrè nípa rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa èèyàn tí o mọ̀.

Bí wọ́n bá sì béèrè ohun tí o kò mọ̀, má ṣe pe Àkọ́sórí padà kó wá méfò fún ọ. Sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Mi ò mọ̀ ọ́n, Màdáámù. Mi ò ní fún aláìsàn náà títí n ó fi béèrè lọ́wọ́ in-charge wọ́ọ̀dù." Máàkì kan lè lọ níbẹ̀. Aláìsàn kankan kò lọ.

Bí ẹ bá ní kí n kì ẹni tó yẹ ní kíkì,
N ó kì Docia Kisseih, ọmọ Gánà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí gbogbo nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè rẹ̀.
N ó kì Kofoworola Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó,
Tó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì,
Tó padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe matron ní UCH, Ìbàdàn.
Àwọn wọ̀nyí jókòó níbi tí wọn kò rò pé aláwọ̀ dúdú lè jókòó sí,
Wọ́n dáhùn ohun tí wọ́n bi wọ́n,
Wọ́n sì padà wá kọ́ àwọn mìíràn.

Ọmọ mi, ìwé àṣẹ tí wọn yóò fún ọ, orúkọ rẹ ni wọn yóò kọ sí i,
Wọn kò ní kọ orúkọ Àkọ́sórí.
Ìwọ ni wọn yóò jí lóru nígbà tí èémí ẹnìkan bá yí padà,
Ìwọ ni ìyá olóyún yóò di lọ́wọ́ mú.
Olùdánwò kò ní sí níbẹ̀, máàkì kò ní sí níbẹ̀,
Ìdí nìkan ni yóò bá ọ dúró.
Kí Ọlọ́run la etí rẹ kí o tó la ẹnu.
Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n, kí ojú rẹ rí èèyàn kí ó tó rí nọ́ńbà.
Wọlé, kí Màdáámù, jókòó.
Dáhùn ìbéèrè kìíní.
Dáhùn ìkejì.
Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìkẹta, má sáré, dúró kí o dáhùn rẹ̀.